Àwọn Tí Ó Gun Àkàbà Jati, àti Àwọn Obìnrin Tí Ó San Owó Rẹ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 1674, Shivaji fẹ́ jọba. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ tí ó pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ó ní ọmọ ogun, ó ní odi lórí òkè, ó sì ti bá ìjọba Mughal, tí ó ń pàṣẹ lé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Íńdíà nígbà náà, fà á títí tí wọ́n fi mọ̀ pé akọni ni. Síbẹ̀, àwọn Brahmin, ìran àlùfáà, tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní Maharashtra ní kò ṣeé fi ètùtù Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Hindu, dé ládé, nítorí pé ìdílé Bhonsle tí ó ti jáde kì í ṣe ìran Kshatriya, ìran jagunjagun tí ìwé mímọ́ fún ní ẹ̀tọ́ sí adé. Shivaji ránṣẹ́ sí Gaga Bhatt, Brahmin onímọ̀ kan ní Banaras. Onítọ̀hún yẹ ìtàn ìdílé náà wò, ó sì kéde pé inú ìran Sisodia, àwọn Rajput, jagunjagun ilẹ̀ Mewar, ni baba ńlá wọn ti wá. Wọ́n ṣètùtù fún gbogbo ọdún tí ọkùnrin náà kò fi gbé ìgbé ayé Kshatriya, wọ́n fi okùn mímọ́, àmì àwọn ìran gíga, kọ́ ọ léjìká nígbà tí ó ti kọjá ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọdékùnrin ni wọ́n máa ń ṣe é fún, wọ́n tún ìgbéyàwó òun àtàwọn aya rẹ̀ ṣe ní ìlànà Veda, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e gorí ìtẹ́ ní Raigad.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà nípa Íńdíà lọ. Ipò ìbí tí gbogbo ayé ń pè ní àyànmọ́ kò le koko tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní idà àti wúrà lè rí ẹni tí yóò bá a tún ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ. (Ẹni tí ó bá ti tẹ́tí sí ẹjọ́ oyè ní ilẹ̀ Yorùbá rí kò ní sọ pé Íńdíà nìkan ni irú òpìtàn bẹ́ẹ̀ wà.) Ṣùgbọ́n idà àti wúrà náà kò tó. Ọkùnrin tí apá Mughal kò ká ṣì ní láti jókòó síwájú àlùfáà kan kí ó tó lè pe ara rẹ̀ ní ọba, ó sì ní láti tún ilé rẹ̀ tò, títí kan ọ̀rọ̀ àárín òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀, kí ó lè bá ìwé àlùfáà náà mu. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó yẹn ni n kò kà sí nǹkan nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn náà, òun gan-an ni ó wá di ohun tí mò ń wá kiri nínú gbogbo ìtàn irú rẹ̀ báyìí.

Ìwé àwọn Hindu pín ènìyàn sí varna mẹ́rin: Brahmin tí í ṣe àlùfáà àti onímọ̀, Kshatriya tí í ṣe jagunjagun àti ọba, Vaishya tí í ṣe oníṣòwò, àti Shudra tí ó ń sin àwọn yòókù. Àwọn tí à ń pè ní Dalit lónìí, tí wọ́n kà sí ẹni tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kò tilẹ̀ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Ní ìgbé ayé ojoojúmọ́, inú jati ni wọ́n ń bí ènìyàn sí, àwọn ìran tí iye wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́, tí ó ní àwọn tí ó lè bá jẹun, tí ó sì ní àwọn tí ó lè bá ṣe àna. Ènìyàn lè fẹ́ fi wé ìdílé Àyàn tàbí ti alágbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìfiwéra náà kò rìn jìnnà. Ọmọ Àyàn lè fẹ́ ọmọ ọba, kí ẹbí kan ráhùn díẹ̀, kí ìyàwó sì wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Íńdíà títí di òní, ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ ọkọ láti inú jati tí ó rẹlẹ̀ lè kú ikú láti ọwọ́ àwọn tí ó bí i.

Ní yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ M. N. Srinivas, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tí wọ́n bí ní Mysore ní 1916, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Brahmin. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1952 nípa àwọn Coorg ní gúúsù Íńdíà, ó ṣàlàyé pé jati tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè láàárín ìran kan tàbí méjì bí ó bá jáwọ́ nínú ẹran àti ọtí, tí ó sì sọ ètùtù àti àwọn òrìṣà rẹ̀ di irú èyí tí ó wà nínú àwọn ìwé mímọ́ tí a fi èdè Sanskrit kọ. Sanskritization ni ó pè é. Ó kọ́kọ́ rò ó gẹ́gẹ́ bí fífarawé Brahmin, ṣùgbọ́n ó rí i pé kì í ṣe Brahmin nìkan ni wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Níbi tí ó bá jẹ́ pé Kshatriya tàbí oníṣòwò ni ó ń pàṣẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń wà. Bí àwọn wọ̀nyí sì ti ń farawé Brahmin, Brahmin ní tirẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wọ kóòtù, ó ń wá iṣẹ́ ìjọba, tí òun náà ń farawé òyìnbó. Ní kíláàsì wa, ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi èyí ṣe: àwùjọ tí wọ́n ní kò ṣeé yí padà ń yí padà! A kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ó parí síbẹ̀.

Srinivas kò purọ́ fún wa pé ó rọrùn. Ìfarawé láìsí ilẹ̀ tàbí owó kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ gúúsù, alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ wúrà, pe ara wọn ní Brahmin ọmọ Vishwakarma, òrìṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń so okùn mímọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jẹ ẹran, síbẹ̀ Srinivas ròyìn pé àwọn tí ìlú kà sí aláìmọ́ pàápàá kò gba oúnjẹ tàbí omi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ wọn lẹ́rìí.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé gbogbo èyí nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù tí èmi àti obìnrin ará Tamil kan jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Nadar ni, jati kan ní gúúsù Íńdíà. Orúkọ baba rẹ̀ ni ó fi ń ṣe orúkọ ìdílé bí ọ̀pọ̀ ará Tamil ṣe ń ṣe, nítorí pé ẹgbẹ́ Self-Respect tí E. V. Ramasamy, tí wọ́n ń pè ní Periyar, ń darí ti pinnu ní ìpàdé Chengalpattu ní 1929 pé kí àwọn ènìyàn yọ orúkọ jati kúrò lára orúkọ wọn. Ó ní ìyẹn kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí àwọn ará ilé bá pàdé níbi ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn yóò béèrè abúlé, wọn yóò béèrè òrìṣà ìdílé, wọn yóò fi ọgbọ́n béèrè bóyá wọ́n ń se ẹran nílé ìyá rẹ, títí wọn yóò fi mọ àyè tí wọn yóò tò ọ́ sí. Mo sọ fún un pé àwa náà kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó tán kí a tó béèrè "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa, pé ohun tí ó ya òun lẹ́nu ni pé a máa ń fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójúkorojú, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú dìde.

Adẹ́mu ni àwọn Nadar. Ní ìgbà yẹn, Shanar ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì wà ní Tirunelveli àti ní gúúsù ìjọba Travancore, níbi tí igi palmyra, ìbátan ọ̀pẹ wa, pọ̀ sí lórí ilẹ̀ oníyanrìn. Ọkùnrin ń gun igi láàárọ̀, ó ń gùn ún nírọ̀lẹ́. Obìnrin ń se omi tí ó bá gbé sọ̀kalẹ̀ di ṣúgà dúdú. Nítorí ọtí inú igi náà, ìlú kà wọ́n sí aláìmọ́. Ní Travancore, Nadar kò gbọdọ̀ ṣí agbòòrùn, kò gbọdọ̀ wọ bàtà tàbí wúrà, ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní òkè. Obìnrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò omi lé ìbàdí bí àwọn obìnrin ìran gíga ṣe ń gbé e, kò sì gbọdọ̀ bo ọmú. Àyà ṣíṣí sílẹ̀ jẹ́ àmì ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ga juni lọ; àwọn Nair tí ó ń fìyà jẹ Nadar náà ń ṣí tiwọn níwájú Brahmin Nambudiri.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ London Missionary Society bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ Nadar di Kristẹni, ìjọba sì gbà pé kí àwọn obìnrin tí ó ti di Kristẹni wọ bùbá kúkúrú kan tí yóò bo àyà. Ìyẹn ì bá parí ọ̀rọ̀ náà bí ó bá jẹ́ pé bíbo àyà nìkan ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bùbá náà fi hàn pé Nadar ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Aṣọ ìborùn tí àwọn obìnrin Nair ń gbé sí èjìká ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì gbé e sí èjìká, àwọn tí ó jẹ́ Kristẹni àti àwọn tí kì í ṣe Kristẹni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1858. Àwọn ọkùnrin ìran gíga ń dúró de àwọn obìnrin ní ọjà, wọ́n ń fa aṣọ ya mọ́ wọn lára, wọ́n sì ń sun ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù keje ọdún 1859, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Madras ti fúngun mọ́ ọn, ọba Travancore ṣe ìkéde kan tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ kà. Ó ní kò sí ohun tí ó burú bí obìnrin Shanar bá wọ bùbá bíi ti àwọn Kristẹni. Kò sí ohun tí ó burú bí wọ́n bá ró aṣọ tí kò jọ̀lọ̀ bí àwọn obìnrin apẹja ṣe ń ró o. Wọ́n lè bo àyà wọn lọ́nàkọnà tí ó bá wù wọ́n, àfi lọ́nà ti àwọn obìnrin ìran gíga. Akọ̀wé kan jókòó, ó fi gègé kọ ìyẹn sílẹ̀. Ìhòòhò kò tilẹ̀ kan ìjọba náà mọ́. Ìfarajọ ni ó ń dẹ́rù bà á.

Lápá ibòmíràn ní ilẹ̀ Tamil, àwọn Nadar kan ti fi igi gígùn sílẹ̀, wọ́n di oníṣòwò ní àwọn ìlú bíi Sivakasi, Virudhunagar àti Aruppukottai. Wọ́n ní àpò àjọni kan tí wọ́n ń pè ní mahimai, tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ń dá owó sí, tí wọ́n sì fi ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi ń kọ́ tẹ́ńpìlì àti ilé ẹ̀kọ́. Bí owó ti ń wọlé ni wọ́n ń gbé ìṣe ìran gíga wọ̀. Wọ́n ní Kshatriya ni àwọn, pé àwọn ni ó ni ilẹ̀ náà láéláé. Wọ́n so okùn mímọ́, wọ́n ṣíwọ́ ẹran, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun òkú dípò sísin, wọ́n ń gbé ìyàwó tuntun nínú àga àgbérù gba ojú pópó kọjá. Ní 1897, àwọn mélòó kan nínú wọn wọ inú tẹ́ńpìlì Kamudi lọ rúbọ. Ọba Ramnad pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì lọ títí dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ àṣekágbá fún Íńdíà nígbà náà, tí ó dá wọn lẹ́bi ní 1908. Kí ẹjọ́ tó parí, àwọn Maravar, jati mìíràn ní agbègbè náà, àtàwọn alájọṣe wọn ti ya bo Sivakasi ní oṣù kẹfà ọdún 1899, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé Nadar lọ bẹẹrẹ.

Ohun tí ó gbé wọn ga níkẹyìn kì í ṣe okùn náà, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Nadar Mahajana Sangam sílẹ̀ ní 1910, ìjọba gbà ní 1921 pé Nadar ni kí wọ́n máa pè wọ́n nínú ìwé ìkànìyàn, wọ́n sì dá Nadar Bank sílẹ̀ ní Tuticorin ní ọdún yẹn kan náà. K. Kamaraj, ọmọ Virudhunagar tí kò lọ jìnnà nílé ìwé, di olórí ìjọba Madras ní 1954, ó sì wà nípò náà títí di 1963, nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ọmọ adẹ́mu tí ilé ẹjọ́ òyìnbó lé kúrò ní tẹ́ńpìlì ti di ẹni tí ń pàṣẹ lé Brahmin lórí láàárín àádọ́ta ọdún.

Ibi tí ìwé máa ń dé nìyí tí yóò fi parí pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó fi fọ́tò ìyá ìyá rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Gọ̀ǹgọ̀ etí ìyá àgbà náà gùn débi èjìká, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ohun tí ọmọdé lè ti ọwọ́ bọ̀, nítorí yẹtí òjé àti wúrà wíwúwo tí wọ́n ń kó sí i láti kékeré. Ìyá náà ti gbé ìkòkò, ó ti se ṣúgà, ó ti gbé e lọ tà, ó sì di owó tirẹ̀ mọ́ ìdí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fẹ́ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tí ó ti gòkè. Ọkọ ìyẹn náà kú ní kékeré. Wọ́n bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun rọ́pò aṣọ aláwọ̀, ó sì jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn títí ó fi darúgbó, nítorí pé ìdílé tí ó ní Kshatriya ni òun kì í tún opó fi fọ́kọ. Owó pọ̀ nínú ilé náà. Nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjèèjì, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èwo ni wọ́n sọ fún un nígbà èwe pé ó ṣorí ire. Ó ní àbúrò ni.

Srinivas rí èyí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere pé obìnrin àwọn jati ìsàlẹ̀ ní òmìnira ju ti Brahmin lọ, àti pé bí jati bá ti ń gòkè ni òmìnira náà ń dínkù. Ní ọ̀pọ̀ jati ìsàlẹ̀, ìdílé ọkọ ni ó ń san owó orí bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa, opó lè tún ọkọ fẹ́, láàárín àwọn Jat ní àríwá àbúrò ọkọ a sì máa ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dà bí Brahmin, owó yóò yí ojú padà: baba ọmọbìnrin ni yóò máa sanwó fún ìdílé ọkọ, ọmọbìnrin yóò di gbèsè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọn yóò gbé e níyàwó ní kékeré, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò lóko, nítorí pé ìyàwó tí ó ń jókòó sílé ni àmì ilé tí ó ti là. Ohun tí ó ń fi ẹ̀rí gíga hàn kò sí ní apá ọkùnrin náà, àfi okùn kan lábẹ́ ẹ̀wù àti ìkòkò ẹran tí ó ti ṣófo. Ara obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí náà.

Òfin òyìnbó pàápàá dá kún un. Ní 1856, wọ́n ṣe òfin pé opó Hindu lè tún fẹ́ ọkọ, ohun tí gbogbo olùtúnṣe ń yìn, ṣùgbọ́n òfin náà sọ pé opó tí ó bá tún fẹ́ ọkọ yóò pàdánù ohun ìní ọkọ rẹ̀ tí ó kú. Àwọn obìnrin jati ìsàlẹ̀ kò nílò òfin kí wọ́n tó tún fẹ́ ọkọ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ilé ẹjọ́ gíga bíi ti Calcutta àti Bombay lo òfin náà mọ́ wọn, wọ́n sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí àṣà ìdílé wọn ì bá jẹ́ kí ó dúró sí lọ́wọ́. Allahabad ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ètò ìkànìyàn wá fi epo sí iná. Ní 1901, Herbert Risley tí ó jẹ́ olórí ètò náà ní kí wọ́n to àwọn jati lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ìlú ṣe bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Gbogbo ìlú gbọ́ pé ìjọba ń pín ipò. Ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, pẹ̀lú àyọkà láti inú ìwé mímọ́ àti orúkọ àwọn baba ńlá. Ọ̀gá ìkànìyàn ní Bengal ní 1911 sọ pé àwọn tí òun gbà nìkan wúwo tó maund kan àti ààbọ̀, èyí tí ó ju kílò 50 lọ. Ní Bihar, àwọn darandaran àti oníwàrà tí ó gba orúkọ Yadav, tí wọ́n ní ọmọ ìran òrìṣà Krishna ni àwọn, bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn mímọ́, wọ́n kọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún onílẹ̀, wọ́n sì pinnu pé kí obìnrin wọn má lọ tajà mọ́. Ní 1925, àwọn onílẹ̀ Bhumihar kóra jọ kọlu ìpàdé wọn ní Lakhochak. Àwọn òpìtàn máa ń dúró lórí okùn náà àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà, wọ́n sì tọ̀nà, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ó dun àwọn onílẹ̀ jù. Èmi ń dúró lórí ọjà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìsọ̀ jẹ́ fún ìyá rẹ̀ yóò mọ ohun tí wọ́n fi ìpinnu yẹn gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè.

Ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ yìí já ṣáájú gbogbo wa ni B. R. Ambedkar, ọmọ Mahar, tí wọ́n bí sínú àwọn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ní 1891. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1916, ó ka àpilẹ̀kọ kan ní yunifásítì Columbia ní New York, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 25. Ó ní ohun tí ó mú jati jẹ́ jati ni pé kí wọ́n má fẹ́ ará ìta. Bí a bá sì ti ilẹ̀kùn ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ìṣòro yóò dé lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú tí aya sì kù, nítorí pé obìnrin náà lè fẹ́ ará ìta, tàbí kí ó gba ọkọ ọmọbìnrin mìíràn nínú ilé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sun ún pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di opó títí ayé, nítorí náà náà ni wọ́n sì ṣe ń fi ọmọdébìnrin fún ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú. Àwọn Brahmin ni ó kọ́kọ́ ti ara wọn mọ́lé, àwọn yòókù sì farawé wọn. Ambedkar ní ìfarawé náà ń rẹ̀ bí ó ti ń jìnnà: àwọn tí ó sún mọ́ Brahmin jù gba àṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn gba ti opó àti ti ọmọdé, àwọn tí ó jìnnà díẹ̀ sí i gba ti ọmọdé nìkan, àwọn tí ó jìnnà pátápátá kò gba ju ìgbàgbọ́ nínú jati fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn, ó ní, àwọn mìíràn sì bá a ní títì mọ́ wọn. Srinivas rí ìfarawé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí jati fi ń gòkè, Ambedkar sì rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí jati fi ń bí sí i. Ti Ambedkar ni mo gbà, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ opó.

Ó sì mọ̀ pé kò sí àkàbà kankan tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀. Dalit tí kò jẹ ẹran, tí kò mu ọtí, ṣì jẹ́ Dalit. Nígbà tí ó kó àwọn ènìyàn lọ mu omi nínú adágún Chavdar ní Mahad ní 1927, wọ́n lù wọ́n fún mímu omi ìlú, àwọn Brahmin sì ṣètùtù láti wẹ adágún náà mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òun àtàwọn tí ó tẹ̀ lé e dáná sun Manusmriti, ìwé òfin tí ó fi ipò obìnrin àti ipò Shudra sábẹ́ ìtìjú kan náà. Ní 1956, ó fi ẹ̀sìn Hindu sílẹ̀ ní Nagpur, ó di ẹlẹ́sìn Buddha pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn. Títí di òní, ọkọ ìyàwó Dalit tí ó bá gun ẹṣin lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀ bí àwọn Rajput ṣe ń ṣe lè jẹ ìyà. Ní 2018, ní abúlé Nizampur ní Uttar Pradesh, àárín ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn gbà kọjá láàárín ìlú lọ gbé ìyàwó, lẹ́yìn tí ó ti lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀.

Láàárín àkókò yìí, ọ̀nà ti yí padà fún àwọn yòókù. Ní 1990, ìjọba V. P. Singh kéde pé ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yóò jẹ́ ti àwọn jati tí ó rẹ̀yìn, Lalu Prasad Yadav sì di olórí ìjọba Bihar ní ọdún náà, láìsí pé ó ní láti sọ ara rẹ̀ di Kshatriya lójú ẹnikẹ́ni. Ìran tí baba ńlá wọn ń kọ̀wé pé ọmọ ọba ni àwọn wá ń yan lójú pópó pé ẹni ẹ̀yìn ni àwọn. Àwọn Patidar Gujarat, tí ó ti fi orúkọ Kanbi sílẹ̀ láti di ẹni ńlá, dá ìlú rú ní 2015 kí ìjọba lè kà wọ́n mọ́ àwọn tí ó rẹ̀yìn. Àwọn Jat ní Haryana ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, débi pé omi Delhi dá. Ìwà àgàbàgebè kọ́ ni mo pè é. Ipò ń tẹ̀ lé ibi tí ìjọba bá ti ń pín nǹkan, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Gaga Bhatt. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ láti gba iṣẹ́, wọn kò sọ àṣà tí wọ́n kó lọ́nà òkè kalẹ̀. Owó tí baba ìyàwó ń san kò padà sí owó orí. Òfin ti fòfin dè é láti 1961. Síbẹ̀, ní 2022 nìkan, ìwé ọlọ́pàá Íńdíà ka obìnrin tí ó ju 6,000 lọ tí ó kú nítorí rẹ̀.

Ambedkar ni mínísítà ètò ìdájọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira. Àbá òfin tí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún àwọn Hindu pọ̀ ni ó kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ sì fi falẹ̀, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1951. Wọ́n padà gbé e jáde ní wẹ́wẹ́ ní 1955 àti 1956. Òfin ìgbéyàwó ti 1955 fún gbogbo obìnrin Hindu ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọkọ sílẹ̀, ó sì gbà pé Hindu lè fẹ́ Hindu láti inú jatikíjati. Abala 29 rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún àṣà ìkọ̀sílẹ̀ tí àwọn jati kan ti ní kí òfin tó dé. Àwọn tí wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ni àwọn jati tí kò tíì gòkè. Ìdílé àbúrò ìyá àgbà yẹn ti ju tiwọn nù ní ìran méjì ṣáájú, nígbà tí òfin tuntun wọ̀nyí sì dé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ó ń ka ìwé ìròyìn nínú ilé, kò sì sí ẹni tí ó kà á fún un.